Igi Àárín Apá Òsì

Ojowo, Ìjẹ̀bú-Igbó

Àbámẹ́ta, 15 Épírì 1961

Òjò kò jẹ́ kí iṣẹ́ lọ títí di ọ̀sán. Nígbà tó dá, àwọn tíṣà mẹ́rin wọlé sí sọ́míìlì Ẹ̀gbọ́n Làmídì, wọ́n ní láti Àgọ́-Ìwòyè làwọn ti wá, àwọn fẹ́ rí bàálù tí èmi Bàdírù káfíńtà ń kàn. Mo mú wọn lọ sábẹ́ páànù lẹ́yìn. Ara mi yá gágá. Mo fi apá ọ̀tún tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí hàn wọ́n, mo fi ìdí ẹ́ńjìnnì hàn wọ́n, mo fi àwọn àpótí tí wọ́n fi kó igi egungun rẹ̀ wá láti Ìlú Òyìnbó hàn wọ́n. Mo sọ fún wọn pé nígbà ogun Hítílà, ọdún mẹ́ta ni mo fi tún apá bàálù ṣe fún àwọn ṣọ́jà ní Ìkẹjà, kò sì sí ọ̀kan tó já.

Ọ̀kan nínú wọn, èyí tó wọ bàtà funfun, ní, “Ṣé igi tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló máa gbé èèyàn méjì ròkè?” Igi àárín apá òsì ló ń nàka sí, èyí tí gbogbo apá yẹn máa gbára lé. Mo ti gbé e dábùú orí bẹ́ǹṣì méjì, n kò tíì kan nǹkan kan mọ́ ọn lára.

Ìgbéraga gùn mí. Mo ní, “Ẹṣin lè dúró lórí ẹ̀.” Mo gòkè, mo dúró ní àárín igi náà, mo fò lẹ́ẹ̀kan, mo fò lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo fò lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ nǹkan lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ìró rẹ̀ kò ju ti ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná lọ. Àwọn kò gbọ́ ọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sìn wọ́n dé títì.

Àìkú, 16 Épírì

Kò sí ẹnì kankan ní sọ́míìlì lónìí. Mo yí igi náà padà. Ó ti sán ní ìsàlẹ̀, nítòsí ìdí apá, níbi tí ẹrù máa ń wúwo sí jù. Sísán náà gùn tó ìka mi àárín. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìlà ara igi ni.

Ní Ìkẹjà, igi tó bá sán báyìí, ayùn là ń fi gé e sí méjì lójú ọ̀gá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lò mọ́. Èmi fúnra mi gé tó ogún. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé èyí, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé òmíràn wá, nítorí bí igi ti pọ̀ tó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a kò ní irú rẹ̀. Oṣù kan àti ààbọ̀, bóyá méjì. Gbogbo ìlú yóò sì bi mí léèrè ohun tó ṣe é. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé mo gun orí ẹ̀, mo ń fò fún tíṣà?

Mo fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ti góòmù wọ inú rẹ̀, mo fi kílámpù mẹ́rin dì í. Mo kó pákó bò ó kí ẹ̀gbọ́n mi má baà rí i bó bá dé lọ́la.

Jímọ̀, 21 Épírì

Asimawu ìyàwó mi gba lẹ́tà bọ̀ láti pósítọ́fíìsì. Ọ́fíìsì ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó ló kọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń kà á sókè fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń kà á: wọ́n ti rí fọ́ọ̀mù tí mo fi ní kí wọ́n kọ bàálù mi sínú ìwé ìjọba kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà, ọkùnrin kan yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò ní àárín oṣù tó ń bọ̀, kí n má ṣe tíì fi aṣọ bo apá rẹ̀ títí ọkùnrin náà yóò fi rí egungun inú rẹ̀. Níbi gbólóhùn yẹn ni ohùn mi ti wálẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo sọ fún un pé kí ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí sọ́míìlì lọ́la, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ apá méjèèjì.

Ó wò mí. “Ṣé wọn ò ní ká dúró ni?”

“Òjò máa ba igi jẹ́ tí a ò bá tètè bò ó.”

“Abẹ́ páànù ló wà, Bàbá Ọmọ́títí.”

“Asimawu, rán aṣọ.”

N kì í pè é ní Asimawu bí kò ṣe pé mo bínú. Òun náà sì mọ̀ pé kò sóhun tó bí mi nínú.

Àtàláátà, 2 Méè

Ọjọ́ kẹfà tí a ti ń kun aṣọ apá. Ọ̀rinrin ń ba ọ̀dà tó máa mú aṣọ le jẹ́. Bí a bá kùn ún tán, á funfun bí ẹnu ọmọ tó mu ẹ̀kọ. A ó fi yánrin ha á kúrò, a ó tún dúró de oòrùn. Ó ku agolo méjì.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, Asimawu rán igi náà mọ́nú bí ẹni ń rán aṣọ òkú. Abẹ́rẹ́ gún un ní ìka lẹ́ẹ̀mejì. Ìránṣọ rẹ̀ tò bí eyín ọmọ tuntun, kò sí èyí tó gùn ju ìkejì lọ. Mo dúró tì í títí ó fi dé ibi tí ó sán. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi Nathaniel kọ̀wé láti Ibiade pé àwọn ará ilé òun ti ṣán pápá lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó wà lẹ́yìn ìlú. Òun ló máa fi bàálù yìí fò nígbà àkọ́kọ́. Ìkẹjà la ti pàdé nígbà ogun, èmi ń kàn, òun ń gbálẹ̀. Òun ló wá padà di ẹni tó ń wa bàálù.

Àlàrùbá, 17 Méè

Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù láti ọ́fíìsì Èkó dé nínú mọ́tò ìjọba ní aago mẹ́wàá. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ń kí wa lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí apá bàálù.

“Ẹ ti bò ó.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“A kọ̀wé sí yín pé kí ẹ má tíì bò ó.”

“Lẹ́tà náà pẹ́ kó tó dé, sà. A ti rán an tán kí n tó rí i.”

Asimawu dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi gba lẹ́tà náà. Ó wo ilẹ̀. Ogún ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò rí i kí ó wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mo purọ́, òun ni ojú ń tì.

Ọládòṣù gé aṣọ apá ọ̀tún bí fèrèsé kékeré, ó ki iná tọ́ọ̀ṣì àti dígí bọ inú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà. “Ọ̀gá káfíńtà, mo ti yẹ iṣẹ́ àwọn òyìnbó wò tí kò tó èyí.”

Ó bọ́ sí apá òsì. Ó gbé ọ̀bẹ sókè. Ó wo ìránṣọ Asimawu, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé e lọ. Ó ní, “Ó ń ṣe mí bíi pé kí n má gé èyí. Ọwọ́ kan náà ló kàn méjèèjì, àbí?”

“Ọwọ́ kan náà ni, sà.”

Òótọ́ ni. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè fi òótọ́ purọ́ tó báyẹn. Ó ti ọ̀bẹ sápò. Ó na fọ́ọ̀mù sí mi kí n parí rẹ̀. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ǹjẹ́ ibì kan lára bàálù yìí ti bàjẹ́ rí tí a tún un ṣe? Mo kọ “Rárá” sí i. Ó tò dáadáa lórí ìwé. Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu jù.

Àlàmísì, 25 Méè. Iléyá.

Ní Yídì, Lèmọ́mù dárúkọ mi sí etí gbogbo ìlú, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọmọ wa tó fẹ́ gbé orúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí ojú sánmà. Wọ́n ṣe Àmín, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Mo tẹrí ba ju bó ti yẹ lọ. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ajé, 12 Júùnù

Nọ́ńbà dé. Wọ́n ti kọ wá sínú ìwé ìjọba. Ẹ̀gbọ́n Làmídì fi ìwé náà han gbogbo ẹni tó wá ra pákó, títí kan àwọn tí kò mọ̀wé.

Mo fi ọ̀dà dúdú kọ nọ́ńbà náà sí abẹ́ apá. Asimawu mú agolo ọ̀dà dání fún mi. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti wá, ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ kò ju ti oúnjẹ àti ti ọmọ lọ. Lónìí ó ní, “Aṣọ lo ní kí n rán. Kí ni mo ránṣọ bò, Bàbá Ọmọ́títí?”

Mo ní, “Igi.”

Ó ní, “Mo ti gbọ́.” Ó gbé agolo náà kalẹ̀, ó lọ sílé.

Àìkú, 18 Júùnù

Nathaniel wá láti Ibiade, ẹrẹ̀ dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó gbé ẹja gbígbẹ wá tí Abigail ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa. Abigail ti lóyún oṣù márùn-ún. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ bí, inú lọ́rì ló kú sí lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Òjò ti gé ọ̀nà, wọn kò rí dókítà bá. Láti ìgbà náà ni Nathaniel ti ń sọ pé bàálù kékeré kan ló yẹ kó máa wà ní ẹ̀bá omi lọ́dọ̀ àwọn, tí yóò máa gbé aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yẹn la jọ gbé débí. Èmi ni mo sọ ọ́ di ti ìwúrí.

Ó yí bàálù náà ká, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹṣin. Mo ní, “Ṣé o ò ní yẹ inú rẹ̀ wò?” Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàdí, kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò? Mi ò mọ̀ ẹ́ ni?”

A mú ọjọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ́gọ́ọ̀sì, nígbà tí òjò máa sinmi díẹ̀. Asimawu fi ẹja náà se ọbẹ̀. Mo jẹ ẹ́.

Àlàrùbá, 5 Júláì

Òjò. Wọ́n ti fi tọ́rọ́ lé owó kẹrosíìnì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sábẹ́ páànù lónìí, mo fi ìka kan apá òsì, mo gbé etí lé e. N kò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá gbọ́ ńkọ́?

Àlàmísì, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì. Ibiade.

A tú apá rẹ̀ kúrò, a kó o sínú lọ́rì, a gba ọ̀nà wá síbí láti àárọ̀ kùtù. Ní gbogbo kòtò, mo ń fọwọ́ di apá òsì mú. Awakọ̀ ní, “Ẹ̀yin ò ṣe di èkejì mú náà?” A ti tò ó padà tán nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ pápá gbẹ.

Àbámẹ́ta, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn èèyàn ti kún pápá kó tó di aago mẹ́jọ. Àwọn apẹja ti fa ọkọ̀ wọn sí èbúté, àwọn ọmọ ìjọ Nathaniel wọ aṣọ funfun, ẹ̀gbọ́n mi àti ogún èèyàn ti bá lọ́rì sọ́míìlì wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Nathaniel ti jókòó sínú bàálù, ó ti de bẹ́líìtì. Abigail dúró sí ìtòsí abẹ́ apá, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn rẹ̀. Ó ku kí n yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì dáhùn.

Àgbà ìjọ wọn, Bàbá Zechariah, na ọwọ́ sókè. Mo rò pé òun ló fẹ́ gbàdúrà. Ó yíjú sí mi. “Ẹni tó kàn án ni kó gbàdúrà sí i. Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí ni yín. Ọ̀kan ni Ọlọ́run. Ẹ sọ ọ́ kí dede wa, gbogbo wa, lè ṣe Àmín.”

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo fẹ́ sọ Bísímílà. Mo wá rí i pé bí mo bá sọ àdúrà yẹn, tí wọ́n sì ṣe Àmín, n kò ní lè padà mọ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

“Nathaniel, sọ̀ kalẹ̀.”

Ó ní, “Kí ló dé?”

“Apá òsì ti sán. Mo mọ̀. Mo bò ó mọ́lẹ̀ ni.”

Kò yé e. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo yọ ọ̀bẹ àpò mi, mo wọ abẹ́ apá, mo fa aṣọ rẹ̀ ya láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ mi tó. Ìránṣọ ìyàwó mi já gbàà-gbàà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo tẹ igi náà.

Sísán náà ti yanu. Kì í ṣe ìwọ̀n ìka mọ́. Ó ti gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi, góòmù tí mo tì sínú rẹ̀ ti wú, ó sì ti rà. Nathaniel ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fi èékánná rẹ̀ sínú rẹ̀, ó fà á lọ títí dé ibi tó parí sí. Ó bọ́ fìlà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ó gba àárín èrò kọjá lọ sílé. Kò wo ẹ̀yìn.

Abigail ló kù. Ó bi mí, “Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Láti Épírì.”

“Ẹ ti mọ̀ nígbà tí ẹ jẹ ẹja mi?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí padà, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì kò jẹ́ kí n wọ iwájú lọ́rì. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí títí dé ilé, láàárín àwọn tó wá wò mí.

Ajé, 7 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo kọ̀wé sí Èkó. Mo kọ ti igi, mo kọ ti lẹ́tà tí mo ní ó pẹ́ kó tó dé, mo kọ ti “Rárá”. Asimawu mú un lọ sí pósítọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ pé ó lọ.

Àtàláátà, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kó bàálù mi kúrò lábẹ́ páànù òun. “Àwọn èèyàn ń ra pákó lọ́wọ́ mi nítorí pé tí mo bá ní kò sán, kò sán. Abẹ́ òrùlé mi lo ti ṣe èyí.” Mo kó o wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ojowo. Bí mo bá ń kọjá ní ọjà Òkè-Ṣópìn báyìí, àwọn èèyàn á máa béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé, “Ẹṣin dà?” Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà yẹn ló sọ fún wọn.

Àtàláátà, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì. Èkó.

Àwọn ọ̀gá mẹ́ta jókòó lẹ́yìn tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ti rù. Kò sí nínú ọkàn mi rí pé ìtìjú mi lè ta sí ẹlòmíràn. Òun ló fọwọ́ sí i pé òun ti yẹ apá méjèèjì wò.

Wọ́n bi mí ní gbogbo rẹ̀, mo sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni èyí tó dàgbà jù béèrè pé, “Ǹjẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù ní kí o ṣí apá òsì, tí o sì kọ̀ fún un?”

Mo rí ohun tó wà nínú ìbéèrè náà. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi nìkan ni yóò jẹ̀bi, orúkọ mi sì ti bàjẹ́ tán tẹ́lẹ̀. Mo wo Ọládòṣù. Ojú rẹ̀ wà lára mi. Ẹnu mi ti là.

Mo ní, “Rárá, sà. Kò ní kí n ṣí i. Èmi ni mo sọ ohun tí kò jẹ́ kó ṣí i.”

Wọ́n fagi lé nọ́ńbà wa nínú ìwé ìjọba. Bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò lè fi góòmù kan igi láìjẹ́ pé ẹni tiwọn ti rí i, ẹni tó sì máa fi í fò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí apá rẹ̀. Ọládòṣù ń lọ sí Kánò. Wọ́n ti dá a padà sẹ́yìn sí ipò tó wà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ó bá mi níta. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Ó ní kí n dìde.

“Mo rí i lójú yín pé ẹ fẹ́ purọ́ gbà mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ká ní ẹ pa irọ́ náà, ǹ bá gbà á. Ìyẹn ló ń bí mi nínú, kì í ṣe ẹ̀yin.” Ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀.

Àìkú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo gbé ìwé tí Nathaniel máa fọwọ́ sí lọ sí Ibiade. Nathaniel wà nínú yàrá, mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Kò jáde. Abigail gba ìwé lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó fún mi ní omi, mo mu ún lórí ìdúró.

Mo ti kọ̀wé béèrè igi mìíràn láti Ìlú Òyìnbó. Mo ta kẹ̀kẹ́ mi.

Àlàmísì, 12 Ọkítóbà

Igi dé. Mo tú u sílẹ̀, mo sì jókòó tì í. N kò fi irinṣẹ́ kankan kàn án.

Àbámẹ́ta, 14 Ọkítóbà

Èèyàn kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Nathaniel ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní Abigail ti bí ọkùnrin ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ara ìyá àti ọmọ le. Mo fẹ́ kí i kú ewu, ó gbé ọwọ́ dí mi lẹ́nu.

“Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Igi ni mo wá wò.”

Ó gbé e, ó yí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e síbi oòrùn, ó wo gbogbo ìlà ara rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ẹ̀wù, ó mú ìfági, ó ní kí n fi ibi tí òun máa bẹ̀rẹ̀ sí han òun. A ṣiṣẹ́ títí di ìrun Àsárì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan la sọ. Nígbà tó ń lọ, ó yọ ìwé náà lápò, ó fọwọ́ sí i lórí bẹ́ǹṣì, ó fi í sábẹ́ òòlù kí atẹ́gùn má baà gbé e.

Àtàláátà, 7 Nòfẹ́ńbà

Ẹni tuntun tí wọ́n rán láti Èkó wá nígbà kẹta. Àgbà ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ṣí apá ọ̀tún, ó ṣí ìdí bàálù, ó fi dígí wo gbogbo ibi tí a fi góòmù lẹ̀. Kò gbóríyìn fún mi. Ó ní, “A lè bò ó.” Inú mi dùn pé kò gbóríyìn fún mi.

Mo pe Asimawu kó wá rán aṣọ. Ó jáde, kò mú abẹ́rẹ́ dání. Ó ní òun fẹ́ wò ó ná. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí apá, ó ń fọwọ́ kan egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí pé, “Èyí ńkọ́?” Èmi á ní, “Ó dára.” Á bọ́ sí òmíràn. “Èyí ńkọ́?”

A ti dé àárín kí n tó kíyè sí i pé kò wo igi rárá. Asimawu kò mọ igi. Ojú mi ló ń wò.

Nígbà tó dé ṣóńṣó, ó wọlé lọ mú abẹ́rẹ́ wá.

Jímọ̀, 1 Dìsẹ́ńbà

Nọ́ńbà tuntun dé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀gbọ́n Làmídì gbọ́, ó rán lọ́rì rẹ̀ sí wa, kò bá a wá.

Àbámẹ́ta, 9 Dìsẹ́ńbà. Ibiade.

Ọyẹ́ mú. Àwa mẹ́fà péré la wà ní pápá. Bàbá Zechariah gbàdúrà, kò ní kí n gbà á.

Mo yí abẹ̀bẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Nathaniel wò mí láti inú ìjókòó rẹ̀, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ síwájú.

N kò lè wò ó. Mo lọ jókòó lẹ́yìn táyà lọ́rì, mo kọ ẹ̀yìn sí pápá, mo gbé orí lé orúnkún. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ìró rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Abigail ké, ó pe Jésù. Asimawu wá jókòó tì mí, ṣùgbọ́n òun kọjú sí ojú sánmà.

“Ó ti kọjá orí ọ̀pẹ,” ló wí. Lẹ́yìn náà: “Ó ń yí lọ sí ọ̀nà omi.”

Mo ní, “Apá òsì ńkọ́?”

“Ó nà gbọọrọ. Wò ó fúnra rẹ.”

Mo ní n kò lè wò ó. Kò rọ̀ mí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń bá a lọ láti máa sọ fún mi, títí ó fi ní ó ti sọ̀ kalẹ̀.